Bàbá Òkèrèwè, Tí Kò Fẹ́ Kí Ìjọba Fi Tipá Sọ Wá Di Èèyàn Rere

Bàbá àgbà mi kò fẹ́ràn ìyìn tí wọ́n máa ń kó lé òkú lórí. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ló ṣe títí ó fi darúgbó, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní àdúgbò Mayfair, ọ̀pọ̀ ìdílé ní Ifẹ̀ ló sì máa ń gbé ìwé ètò ìsìnkú wá fún un pé kó bá àwọn tẹ̀ ẹ́. Ó ní nínú àwọn ìwé yẹn, kò sí òkú kan tó le, kò sí èyí tó bá aládùúgbò rẹ̀ jà rí, gbogbo wọn ló fẹ́ràn gbogbo èèyàn. "Bí gbogbo àwọn tí mo tẹ̀wé fún bá dáa tó báyìí," á ní, "ta ló wá ń ba ìlú jẹ́?"

Nígbà tí òun náà lọ lọ́dún tó kọjá, ojú ewé kan péré ni wọ́n fún mi láti kọ nípa rẹ̀. Orúkọ àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ ló gba ìlàjì rẹ̀. Bàbá tí mo mọ̀ kò wọ inú ìyókù.

Bàbá Òkèrèwè ni àwa ọmọ-ọmọ ń pè é, nítorí àdúgbò tí ilé rẹ̀ wà. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, íǹkì kì í kúrò lábẹ́ èékánná rẹ̀ àfi lọ́jọ́ Àìkú, tó bá ti fi kẹrosíìnì fọ ọwọ́ rẹ̀ ní Sátidé. Ẹni tó bá jókòó tì í ní ṣọ́ọ̀ṣì á gbọ́ òórùn kẹrosíìnì àti ti ọṣẹ lára rẹ̀. "Ẹ̀yin" ló fi ń bá gbogbo ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sọ̀rọ̀, títí kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ju ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ. Àwa ará ilé nìkan ló ń pè ní "ìwọ". Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀ nígbà kan. Ó ní, "Ẹ̀yin ni mò ń sọ fún ẹni tí mi ò ní àṣẹ lé lórí. Àwọn tí mo sì ní àṣẹ lé lórí ò ju ẹ̀yin díẹ̀ yìí lọ, ẹ̀yin náà ẹ kì í gbọ́ tèmi."

Ohun tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n ládùúgbò ni ọ̀rọ̀ ìjọba. Kristẹni tó gbà tọkàntọkàn ni, ó sì gbà pé Ọlọ́run fi ìjọba sí ayé fún iṣẹ́ kan: kí alágbára má baà máa jẹ aláìlágbára run. Kí wọ́n mú olè, kí wọ́n dá ẹjọ́ láì gba rìbá, ó tán. Oúnjẹ opó, ìwà ọmọ, ìjọsìn, àánú, gbogbo ìyẹn, ó ní iṣẹ́ àwa tí a ń pe orúkọ Jésù ni. Ó fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn bí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ṣe ní àwọn fẹ́ ọba bíi ti àwọn orílẹ̀-èdè yòókù, tí wòlíì sì kìlọ̀ fún wọn pé ọba náà á kó ọmọ wọn, á sì gba oko wọn, tí wọ́n ní kò burú, àwọn ṣáà fẹ́ ọba. Tó bá sọ ọ́ débẹ̀, á wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ọlọ́run ò fi tipá dá wọn dúró," ni á wá sọ. "Ó jẹ́ kí wọ́n yan ohun tó máa pa wọ́n lára."

Ó ń san owó orí rẹ̀ pé pérépéré. Ó ní Olúwa ló ní ká san án, Olúwa ò sì ní ká máa kọrin sí i. Kò sí àárọ̀ kan tí kì í gbàdúrà fún àwọn tó ń ṣe ìjọba, èmi náà á máa ṣe àmín láì ronú, títí di ọjọ́ tí mo fetí sí ohun tó ń sọ gan-an. "Olúwa, fún wọn ní ọgbọ́n. Fún wọn ní ìlera. Sì jẹ́ kí wọ́n gbàgbé wa díẹ̀."

Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ fún mi. Bàbá tirẹ̀, àgbẹ̀ kòkó ni, òun ló sì ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì ní abúlé wọn. Lọ́dún kan tí kòkó ò ṣe dáadáa, àwọn akódà ìjọba wá ń mú àwọn tí kò tíì san owó orí. Bàbá rẹ̀ sá wọ inú igbó. Wọn ì bá má rí i mú, ṣùgbọ́n ọjọ́ Àìkú dé, ó sì padà wálé nítorí pé ó fẹ́ lu agogo. Wọ́n mú un lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kó kúnlẹ̀ síbẹ̀. Akódà tó ní kó kúnlẹ̀ kéré sí i lọ́jọ́ orí dáadáa, Kristẹni sì ni òun náà. Bàbá Òkèrèwè, tó ṣì kéré gan-an nígbà náà, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wò.

Ó ní kì í ṣe ìkúnlẹ̀ náà ló dun òun jù. Àwọn ará ìjọ dé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n rí bàbá òun níbi tó kúnlẹ̀ sí, wọ́n kọjá lára rẹ̀ wọlé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ orin. Mo ní èèyàn burúkú ni wọ́n. Ó ní rárá. "Èèyàn dáadáa ni wọ́n. Ìjọba ló ní kó kúnlẹ̀, wọ́n sì rò pé ohun tí ìjọba bá ti ṣe, kò kan àwọn mọ́."

Ayálégbé kan wà nílé rẹ̀ tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì. Dókítà ni gbogbo wa ń pè é. Òun ló kọ́kọ́ sọ fún Bàbá pé ohun tó ń sọ yìí ní orúkọ, pé lìbàtéríánì ni wọ́n ń pe àwọn tó bá ń ronú báyìí, wọ́n sì pọ̀ láyé. Bàbá ní kó tún orúkọ náà pè. Ó tún un pè. Bàbá ní, "Orúkọ yẹn gùn ju ohun tí mo gbà gbọ́ lọ."

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nírọ̀lẹ́ láti jiyàn, èmi náà á sì fa àga mi sún mọ́ wọn. Dókítà ní ìpìlẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ náà ni pé olúkúlùkù ló ni ara rẹ̀. Ohun tó bá wu èèyàn ló lè fi ara rẹ̀ ṣe, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti pa ẹlòmíràn lára.

"Ibẹ̀ ni a ti yà," Bàbá dáhùn. "Èmi ò ni ara mi."

"Ta ló wá ni yín, Bàbá?"

"Ọlọ́run ló ni mí. Ó ti rà mí. Ẹ̀yin ń sọ pé ìjọba ò ni yín nítorí pé ẹ̀yin lẹ ni ara yín. Èmi ń sọ pé ìjọba ò ni mí nítorí pé mo ti ní Olúwa."

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní ibì kan náà ni ọ̀nà méjèèjì já sí. Bàbá ní kò rí bẹ́ẹ̀, àwọn kàn pàdé lóríta ni. "Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ni ara yín, ẹ lè kọjá lára ẹni tó kúnlẹ̀ kí ẹ sì wọlé lọ. Èmi ò láṣẹ láti kọjá."

Ẹni tó máa ń bá a jà jù ni màmá mi, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo. Dúpẹ́ ni Bàbá ń pè é. Nọ́ọ̀sì ni, ilé ìwòsàn ìjọba ló sì ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tó ti jáde nílé ẹ̀kọ́. Ẹ̀sìn kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe, orí ẹ̀sìn náà ni wọ́n sì ti máa ń jà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tó wá kí i láti ibi iṣẹ́, tí Bàbá tún ń sọ pé ìjọ ló yẹ kó máa tọ́jú aláìsàn, kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀.

"Ìjọ dà, Bàbá? Obìnrin kan bímọ láàárọ̀ yìí, ẹ̀jẹ̀ ò dá. Ṣé ìjọ ni wọ́n gbé e lọ bá?"

"Ìjọ ò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni."

"Kí ìjọ tó ṣe é, kí obìnrin náà máa kú lọ?"

Bàbá dìde, ó ní òun fẹ́ lọ wo nǹkan kan lẹ́yìnkùlé. Kò sí nǹkan kan lẹ́yìnkùlé. Nígbà tó padà, màmá mi ti ń múra àtilọ. "Dúpẹ́," ó ní, "ìbéèrè rẹ dáa ju ìdáhùn mi lọ. Ṣùgbọ́n mi ò tíì fi ìdáhùn mi sílẹ̀."

Kànga kan wà nínú àgbàlá rẹ̀, tó gbẹ́ nígbà tó ń kọ́lé. Ọ̀pọ̀ ará àdúgbò ló ń fà nínú rẹ̀, kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó sì ń fi ṣe àpẹẹrẹ ohun tí èèyàn lè ṣe fún aládùúgbò láìsí òfin. Ní àsìkò òjò kan, àìsàn bíbì àti ìgbẹ́ gbuuru wọ Òkèrèwè. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera yẹ omi wò, wọ́n ní ti Bàbá ti bàjẹ́, pé omi ṣáláńgá ti wọ inú rẹ̀. Wọ́n gbé pákó àti àgádágodo wá láti tì í. Bàbá dúró síwájú kànga náà, ó ní ilé òun nìyí, kànga òun nìyí, ẹni tó bá fẹ́ tì í kó mú ìwé kóòtù wá. Wọ́n lọ pe ọlọ́pàá.

Kí wọ́n tó dé, màmá mi wọlé, aṣọ nọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Mo rò pé ó máa pariwo. Kò pariwo rárá. Ó ní ọmọ ilé kejì, ọmọbìnrin tó máa ń yà kí Bàbá tó bá ń lọ sílé ìwé, ti wà ní ọsibítù lọ́dọ̀ òun láti àárọ̀, wọ́n ń fa omi sí i lójú iṣan, òun ò sì mọ̀ bóyá á yè é.

"Omi wa ló ń mu?" Bàbá bi í.

"Omi wa ni, Bàbá."

Ó jókòó sí etí kànga. Lẹ́yìn náà ó wọlé lọ mú ọ̀bẹ, ó gé okùn korobá, ó sì lọ ṣí géètì sílẹ̀ gbayawu. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ náà dé pẹ̀lú ọlọ́pàá, òun fúnra rẹ̀ ló bá wọn di orí kejì pákó mú. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Bàbá, ẹ ti wá gba ti ìjọba báyìí?"

"Ohun tí mo ń sọ látẹ̀yìn wá náà ni mò ń sọ," Bàbá ní. "Mo ní kí ìjọba dá ẹni tó ń pa ọmọnìkejì rẹ̀ lára dúró. Mi ò kàn mọ̀ pé èmi ni."

Ọmọ náà yè. Ó ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì báyìí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ìjọ wa ò lè gbàgbé ni ti Ìyá Sìmí. Obìnrin yìí ṣí ṣọ́ọ̀bù bíà sí òdìkejì ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn àga rọ́bà rẹ̀ kún ẹ̀gbẹ́ títì, orin rẹ̀ sì ń wọlé bá wa nínú ìsìn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù náà dun jù ni Màmá Fẹ́mi, opó kan nínú ìjọ. Fẹ́mi, ọmọ rẹ̀, ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ó ti fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ọ̀dọ̀ Ìyá Sìmí ló sì ń jókòó sí láti ọ̀sán. Ìgbìmọ̀ àwọn àgbà ìjọ pinnu láti kọ̀wé sí káńsù pé kí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù náà pa. Nínú gbogbo wọn, Bàbá nìkan ni kò fọwọ́ sí i. Nígbà tí káńsù sì pe ìhà méjèèjì, Bàbá wọ agbádá funfun rẹ̀, ó lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Sìmí. Mo tẹ̀ lé e lọ, mo sì rí ojú àwọn ará ìjọ nígbà tó jókòó.

Alùfáà wa ló kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́, bí ọmọ ṣe ń bá bàbá sọ̀rọ̀. "Bàbá, gbogbo wa la mọ̀ pé ẹ kì í fi ẹnu kan ọtí. Kí ló gbé yín lọ sí ẹ̀gbẹ́ yẹn?"

"Mo mu ún rí," Bàbá dáhùn. "Kí n tó bí Dúpẹ́, mo mu ún débi tí ìyàwó mi fi kó lọ sílé bàbá rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gba ife lọ́wọ́ mi. Ọlọ́run bá mi sọ̀rọ̀, èmi ni mo sì gbé e kalẹ̀. Ẹni tí ọlọ́pàá bá gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń wá ife."

Ó ní ohun mìíràn náà wà. Lónìí àwa la pọ̀, a sì fẹ́ kí káńsù ti ibi tí a kò fẹ́. Àwọn kan wà ní Ifẹ̀ tí wọn ò fẹ́ ariwo agogo àti ti ẹ̀rọ gbohùngbohùn tiwa náà. Ọjọ́ tí àwọn bá pọ̀ ńkọ́? Káńsù gbọ́ gbogbo rẹ̀, wọ́n ní kí Ìyá Sìmí dín orin kù, ó sì parí síbẹ̀.

Níta, Màmá Fẹ́mi ń dúró dè é. Kò bú u. Ó kàn ní, "Bàbá, òmìnira tí ẹ jà fún nínú ibẹ̀ yẹn, òun ni ọmọ mi máa fi mu ara rẹ̀ pa."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá lọ sílé wọn, ó ní òun ń wá ẹni tó máa máa bá òun gé ìwé ní ṣọ́ọ̀bù. Fẹ́mi tẹ̀ lé e. Láti ọjọ́ náà, Bàbá ò padà sílé láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ sin Fẹ́mi dé ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀, kí wọ́n lè jọ kọjá níwájú Ìyá Sìmí. Fẹ́mi ò lè gé ìwé kó tọ́, ó ba púpọ̀ jẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ Bàbá ní ó ti fẹ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣòfò. Màmá mi náà sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá ní, "Tí mo bá ní kí ìjọba má mú un, èmi ló kù tó máa dì í mú."

Fẹ́mi ṣubú padà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó yọ́ jáde ní ṣọ́ọ̀bù, a sì bá a lọ́dọ̀ Ìyá Sìmí pẹ̀lú ìgò níwájú rẹ̀. Bàbá fa àga rọ́bà kan, ó jókòó tì í, ó ní kí wọ́n gbé mọ́ọ̀tì, tí kò ní ọtí nínú, wá fún òun. Àgbà ìjọ, pẹ̀lú agbádá, ní ṣọ́ọ̀bù bíà, ní ojú gbogbo àwọn tó ń ti ìpàdé àdúrà bọ̀. Kò wàásù fún un. Ó ń sọ̀rọ̀ nípa ìwé tí wọ́n máa gé lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí Fẹ́mi sọkún tán, wọ́n jọ dìde.

Ìyá Sìmí sin wọ́n dé ẹ̀gbẹ́ títì. Bàbá yíjú sí i, ó ní, "Mo gbèjà yín ní káńsù. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ń tà yìí ń ba ilé àwọn èèyàn jẹ́, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo rò bẹ́ẹ̀."

"Èwo ni kí n mú nínú méjèèjì, Bàbá?"

"Ẹ mú méjèèjì."

Obìnrin náà wo Fẹ́mi. Ó ní kó má wá mọ́, pé òun ò ní ta ìgò kan fún un mọ́ láyé, tó bá sì lọ ra lọ́dọ̀ ẹlòmíràn lágbègbè yẹn, òun máa gbọ́. Ó sì mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ, kò sẹ́ni tó fi òfin mú un. Fẹ́mi wà ní Ìbàdàn báyìí, ó ń tẹ̀wé. Nígbà mìíràn ó ṣì máa ń pè mí láti sọ pé ọjọ́ náà le fún òun.

Àwọn àgbà ìjọ yọ Bàbá kúrò nínú ìgbìmọ̀, wọ́n sì kó iṣẹ́ ìtẹ̀wé ìjọ lọ síbòmíràn. Ó sún sẹ́yìn, ó ń jókòó nítòsí ilẹ̀kùn, kò sì pa ìsìn kan jẹ. Màmá mi bínú, ó ní kó jẹ́ ká lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn. "Wọ́n láṣẹ láti yọ mí nípò, ẹgbẹ́ wọn ni," Bàbá ní. "Wọn ò yọ mí nínú Olúwa."

Àìsàn tó mú un lọ, ọsibítù ìjọba ni wọ́n ti tọ́jú rẹ̀, màmá mi ò sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó gbé e lọ. Nọ́ọ̀sì ọkùnrin kan wà ní wọ́ọ̀dù náà, ọmọ Sábó, Mùsùlùmí. Bàbá ò lè gbé ife sẹ́nu mọ́ nígbà yẹn. Ọkùnrin yìí á fi ṣíbí fún un lómi díẹ̀díẹ̀, á dúró kó gbé e mì, á sì fi aṣọ tútù nu ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù, bí ẹni pé kò sí aláìsàn mìíràn nínú ilé náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó ṣe bẹ́ẹ̀ tán, Bàbá tẹjú mọ́ ọn títí ó fi lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn.

"Ìjọba ló gbà á síṣẹ́?" ó bi màmá mi. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀ gan-an.

"Ìjọba ni, Bàbá."

"Ṣé ìjọba ló ní kó máa ṣe mí jẹ́jẹ́ báyìí?"

Màmá mi ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú irú wọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀, ó sì ti rí àwọn tí kì í ṣe é jẹ́jẹ́. "Rárá," ó ní. "Ìyẹn, inú rẹ̀ ló ti wá. Kò sí òfin tó lè fún èèyàn níyẹn."

Inú Bàbá dùn. Ó fẹ̀yìn lé ìrọ̀rí.

"Ṣùgbọ́n, Bàbá," màmá mi ní, ó ń tún aṣọ ìbora rẹ̀ ṣe, "tí kò bá sí bẹ́ẹ̀dì yìí, níbo ló máa ti rí yín ṣe jẹ́jẹ́?"

Bàbá di ojú rẹ̀. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi rò pé ó ti sùn. Màmá mi ti ń wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ àga nígbà tó fọhùn, láìlajú.

"Ó dáa, Dúpẹ́. Lórí bẹ́ẹ̀dì, mo gbà fún ẹ."